Ohun Tí Nọ́ọ̀sì Fẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Télọ̀

Ọkùnrin tó wọ ilé ìwòsàn gbé téèpù kọ́rùn, abẹ́rẹ́ sì wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ẹnu iṣẹ́ lòun wà.

"Ẹ ká apá ẹ̀wù yín sókè."

Télọ̀ na apá. "Èmi ni mo máa ń wọn èèyàn. Kò tíì sí ẹni tó wọ̀n mí rí."

"Ẹ dákẹ́ ná. Ọ̀rọ̀ máa ń gbé ìfúnpá sókè."

Ó dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dákẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì ru, àmọ́ ó ti ń ronú àtiru. Nọ́ọ̀sì ní kó dín iyọ̀ kù, kó máa rìn, kó má jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó gba gbogbo rẹ̀, kò ṣe ọ̀kan. Ó kàn ń padà wá ni, títí gbogbo wọn níbẹ̀ fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ló ń gbé e wá.

Nígbà tí télọ̀ ní kó fẹ́ òun, nọ́ọ̀sì mirí.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, mi ò ní purọ́. Àmọ́ bí bàbá mi náà ṣe máa ń gbà fún dókítà láì ṣe é nìyẹn. Rọpárọsẹ̀ ló dá a dùbúlẹ̀, ṣíbí ni màmá mi fi ń bọ́ ọ títí tó fi kú. Mi ò lè ṣe irú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun télọ̀ wọra. Ìyá rẹ̀ ló ń se oúnjẹ fún un, ìyá náà kì í sì í ṣahun iyọ̀. Kò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ fún ìyá pé kó dín in kù.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Ma binu. Eje ni mo fe lowo re. Bi ko ba si eje, ko si igbeyawo."

Orí tábìlì ni fóònù télọ̀ wà. Ìyá ló kọ́kọ́ kà á. Ó wé gèlè, ó mú fóònù, ó di ilé ìwòsàn.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ṣe?"

Ọkùnrin kan tó ń dúró de abẹ́rẹ́ rọra fa ẹ̀wù rẹ̀ bo apá.

Nọ́ọ̀sì gba fóònù, ó kà á, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á. "Ẹ̀jẹ́ ni, mà. Mi ò fi àmì sí i ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun á máa tọ́jú ara òun." Ó wá sọ ti bàbá rẹ̀ fún un.

Ìyá jókòó.

"Òun nìkan ò lè jẹ́ ẹ. Èmi ni mò ń dáná. Tí ọbẹ̀ mi bá wá tẹ́, kí ló kù tí mo lè fún un?"

Nọ́ọ̀sì dì í lọ́wọ́ mú.

Lọ́jọ́ Sunday, ìyá ní kí nọ́ọ̀sì wá jẹun. Ọbẹ̀ náà tẹ́ lóòótọ́. Ìyá kò fọwọ́ kan tirẹ̀, ẹnu ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Télọ̀ jẹ ẹ́ tán, ó na abọ́ sí i.

"Ẹ bù sí i, mà."

"Mo gbà," nọ́ọ̀sì wí.

"Kí lo gbà?" télọ̀ bi í.

"Ohun tó o bi mí."

"Ẹ jẹun tán ná," ìyá wí, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má baà rí omi tó lé ròrò sí i lójú.