Lẹ́tà Jíbrílù sí Àwọn Tó Ń Ríran

Òwú ni Hàwáwù kọ́kọ́ rí. Òwú pupa kan, òwú aláwọ̀ ewé kan, àti òmíràn tó ń dán bíi wúrà, gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n ọkùnrin tó ń ti ilẹ̀kùn gíláàsì wọlé. Oòrùn ọ̀sán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gba inú òwú náà kọjá, àfi bí ẹni pé irùngbọ̀n rẹ̀ fẹ́ tanná. Hàwáwù gbàgbé ohun tó ń tẹ̀.

Ọdún 1998 ni. Kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun tí wọ́n ń da aṣọ bò bí ọmọ tuntun tí iṣẹ́ bá ti parí, ibi iṣẹ́ Hàwáwù ní Oníkan sì wà lára àwọn ibi díẹ̀ tí èèyàn ti lè rán ímeèlì ní Èkó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ọmọ Alhaji Mọ̀núrù ti Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí oníbàárà bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti tẹ̀ ẹ́ tán kí onítọ̀hún tó pa ẹnu dé.

"Ẹ káàsán o," ọkùnrin náà wí. "Wọ́n ní ibí ni wọ́n ti ń bá àwọn ará òkèèrè sọ̀rọ̀ láìgbé fóònù."

"Ibí náà ni, sà. Ẹ jókòó. Òwú wà ní irùngbọ̀n yín."

Ó fọwọ́ kàn án, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí mo bá yọ ọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ á tún dé lọ́la."

Jíbrílù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ní ọjà Balógun ló ti ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ọnà sí ọrùn àti àyà agbádá. Ó fa ìwé pélébé kan yọ lápò, ó ní oníbàárà òun kan tó ń kàwé ní Jámánì ló fún òun. Oníbàárà ọ̀hún wo ọnà ọrùn agbádá tí Jíbrílù ṣe títí, ó wá bi í pé, "Níbo lo ti rí èyí?" Ó ní àwọn èèyàn kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, káàkiri ayé, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa olú, ewé àti egbò tó máa ń mú ojú èèyàn rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Wọn kì í tà, wọn kì í rà, ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ń sọ. Òfin wọn kan ṣoṣo ni pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí òun jẹ́.

"Mo gbọ́ òyìnbó díẹ̀," ó wí, "ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ irú ẹni tí mo jẹ́."

Ẹ gbọ́ mi, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n dà bí omi tútù létí ọmọbìnrin. Hàwáwù fa pátákó ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà sún mọ́ra. "Ẹ máa sọ ọ́."

Jíbrílù di ojú. "Ẹ kọ ọ́ pé: orúkọ mi ni Jíbrílù. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún, mo jẹ olú kan ní oko ìyá àgbà mi. Mo rò pé olú ọbẹ̀ ni. Kì í ṣe olú ọbẹ̀. Mo jókòó sábẹ́ igi kòkó, ewé igi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ìlà ara ewé kan jáde, ó so mọ́ ti èkejì, títí gbogbo oko fi di aṣọ kan ṣoṣo, aṣọ tó ní àwọ̀ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rù bà mí, mo bì, mo sunkún, ìyá àgbà mi sì di ọwọ́ mi mú títí ara mi fi padà sípò. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà yẹn kò kúrò lójú mi. Àwọn ni mo ń rán sí ọrùn agbádá láti ọjọ́ náà. Mi ò wá ẹni tó máa fún mi ní òmíràn jẹ. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ti rí irú rẹ̀ rí, torí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Ọwọ́ Hàwáwù dúró. "Ẹ ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni?"

Jíbrílù la ojú. Ó dà bí ẹni pé ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé èèyàn ló jókòó síwájú òun. "Mo ti sọ ọ́ fún yín báyìí."

Hàwáwù sọ ọ́ di òyìnbó, òyìnbó tó rọrùn, tó mọ́, ó sì fi ímeèlì rán an. Nígbà tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún un, íǹkì tán láàárín, ìdajì lẹ́tà náà sì hàn bàìbàì. Ó jù ú sínú àpótí bébà tó bàjẹ́, ó fi íǹkì tuntun sí ẹ̀rọ, ó tẹ òmíràn. Nígbà tí Jíbrílù jáde, Hàwáwù rí òwú wúrà kan lórí tábìlì, ó sì fi í sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Bí ẹ bá bi í nídìí, kò ní lè sọ ọ́ fún yín.

Èsì dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Obìnrin ahunṣọ kan ní Hòláńdì ní òun náà ti rí ìlà bẹ́ẹ̀, pé kó ṣàpèjúwe ọnà rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ní Amẹ́ríkà ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi, ṣùgbọ́n má jẹ olú oko tí o kò mọ̀ mọ́ o, ó ti pa ọ̀rẹ́ mi kan." Hàwáwù ń kà á, ó ń tú u sí Yorùbá, Jíbrílù ń gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. Ó ń dáhùn, Hàwáwù ń tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé bí lẹ́tà kò tilẹ̀ dé, Jíbrílù á dé.

Bí ilé iṣẹ́ bá ti pa, wọ́n á jọ fẹsẹ̀ rìn gba Marina lọ sí ibùdókọ̀ CMS. Oṣù ọyẹ́ ni. Kùrukùru bo ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ń yọ nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohùn àwọn tó ń kiri ọsàn sì ń dún bí ohùn inú àlá. Ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀. Nígbà mìíràn Jíbrílù á dúró, á nawọ́ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń fọ́ lórí omi.

"Ṣé o rí ìlà yẹn? Ó lọ síbí, ó ká, ó padà."

"Mi ò rí nǹkan kan, sà. Omi ni mo rí."

"Wò ó dáadáa."

Hàwáwù wò ó. Lóòótọ́, ìlà náà lọ, ó ká, ó sì padà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rí i níbi gbogbo: lára òrùlé páànù Ìsàlẹ̀ Èkó, nínú èéfín, nínú àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Òun kò jẹ olú kankan o. Ìfẹ́ ló ń ṣe é.

"Kí ni oríkì rẹ?" Jíbrílù bi í lọ́jọ́ kan.

"Àdùnní."

"Àdùnní," ó tún un pè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àdùnní mi, ta ni kí n rán sí bàbá rẹ?"

"Ẹ rán ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Olùkà ìwé ni bàbá mi."

Eré kọ́ ló ń ṣe. Ọgbọ̀n ọdún ni Alhaji Mọ̀núrù fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé, àṣìṣe ló ń wá nínú ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Títí di òní, bírò pupa kì í kúrò lápò rẹ̀, kò sì sí bébà tó lè kọjá níwájú rẹ̀ láìkà. Nígbà tí alárinà dé, ó gbà. Wọ́n dá ọjọ́ Àìkú fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Àárọ̀ Sátidé ni nǹkan bàjẹ́.

Ọ̀gá Hàwáwù máa ń kó bébà tó bàjẹ́ fún ìyá tó ń din àkàrà lẹ́bàá ọgbà wọn. Àwa ará Èkó mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì tó ga tí kò lè di ohun ìpọ́n àkàrà. Bàbá kírun tán, ó nasẹ̀ dé Oníkan, ó ra àkàrà bọ̀ wálé. Ó tú u, ó gbé àkàrà sáwo, ó tẹ́ bébà náà sórí eékún, ó sì mú bírò pupa jáde.

Hàwáwù ń bu ẹ̀kọ fún un nígbà tó rí i pé bírò náà kò rìn. Ó wo bébà ọ̀hún. Òróró ti rin ín gbingbin, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

"Ta ni Jíbrílù," Bàbá bèèrè láìgbé ojú sókè, "tó ń ṣe ọnà agbádá, tó jẹ olú tí oko fi di aṣọ lójú ẹ̀?"

Hàwáwù gbé ìgbakọ sílẹ̀.

"Ṣé ẹni tó ń bọ̀ lọ́la nìyí?"

"Òun ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni, ó ti pẹ́, kò sì tún..."

"Àbúrò mi fa igbó títí tó fi ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Èmi ni mo máa ń lọ mú un wálé. Mi ò ní mú ọkọ ọmọ mi wálé bẹ́ẹ̀." Ó ká bébà náà sápò. "A ti pè wọ́n, a ò lè tilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Kí wọ́n wá. Màá bi wọ́n, bí èsì wọn ò bá sì tẹ́ mi lọ́rùn, ó parí nìyẹn."

Hàwáwù kò mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gbé e dé Balógun. Ó bá Jíbrílù nídìí ẹ̀rọ, òun àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Alàgbà Túnjí, tó tọ́ ọ dàgbà, tó sì máa ṣe agbẹnusọ wọn lọ́la. Ó fi omijé sọ ọ́ fún wọn tán.

"Kò le," Alàgbà Túnjí wí. "A ó ní lẹ́tà oníṣẹ́ ọnà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ni, pé Jíbrílù kàn bá a gbé e lọ tẹ̀, ìwọ sì ṣèèṣì fi orúkọ ẹni tó gbé e wá sí i. Ta ló máa já wa?"

"Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́," Hàwáwù bẹ Jíbrílù. "Nítorí mi."

Jíbrílù wò ó pẹ́. Ó tún yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń rán aṣọ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, pálọ̀ Alhaji kún. Ẹ mọ àṣà wa: ọkọ ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ni tirẹ̀, àgbà ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Ìyàwó náà kì í jáde títí wọ́n á fi pè é. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni Hàwáwù wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Àlímọ̀t, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bàbá fi bébà olóròóró lélẹ̀. "Kí ni ẹ rí sọ sí èyí?"

Alàgbà Túnjí rẹ́rìn-ín, ó sì ro irọ́ náà kalẹ̀ láìkọsẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ, ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó wo bébà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Ó ṣeé ṣe o. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Mo ti rí i rí." Ọkàn Hàwáwù balẹ̀. Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìyàwó.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá."

Ohùn Jíbrílù ni. Ó tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja, sí Alhaji àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. "Ẹ má bínú pé mo já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Èmi ni mo ni lẹ́tà yẹn. Èmi ni mo jẹ olú."

Alàgbà Túnjí gbọ́wọ́ lérí.

"O ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí," Bàbá wí. "Kí ló tún dé?"

"Bí mo bá fi irọ́ wọlé yìí, Bàbá, irọ́ náà ni màá máa jẹ lójoojúmọ́, ó sì burú ju olú lọ. Àdùnní lẹ́ni àkọ́kọ́ tí mo sọ òótọ́ yìí fún láyé mi. Mi ò lè wá fi irọ́ fẹ́ ẹ."

Hàwáwù kò dúró kí wọ́n pe òun. Ó já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé kọ́tìnnì, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, Bàbá. Èmi náà ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n purọ́. Bí ẹ máa bínú, ẹ bínú sí mi."

Nígbà tí Alhaji Mọ̀núrù sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń bi àbúrò mi pé, 'Kí lo fà?' Ó ní òun ò fa nǹkan kan. Títí ó fi kú, kò sọ òótọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ó sọ ọ́ ni, ǹ bá mọ ibi tí mo máa di í mú." Ó nu ojú rẹ̀ láìfi pamọ́. "Ṣé o tún jẹ olú yẹn, Jíbrílù?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé wàá tún jẹ ẹ́?"

"Láéláé. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí. Ojú àti ọwọ́ ni mo fi ń wá oúnjẹ, mi ò sì ní fi wọ́n ta tẹ́tẹ́."

"Bí ọkàn rẹ bá wá fà sí i ńkọ́?"

"Màá sọ fún un." Ó nawọ́ sí Hàwáwù. "Kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Bó bá sọ fún ọ, ṣé wàá fẹ́ gbọ́?"

"Màá gbọ́, Bàbá. Màá sì di ọwọ́ wọn mú."

Alhaji ya bébà náà sí méjì, ó tún un ya, ó kó o fún ìyàwó rẹ̀ pé kó lọ fi dáná. "Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ọdún pọ̀ tí mo ti ń jókòó níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n á ṣe é tán, a ò sì ní mọ ara wa. Ìwọ, Jíbrílù, mo ti mọ̀ ọ́."

Alàgbà Túnjí ló kọ́kọ́ ṣe àmín, kí ẹnikẹ́ni tó ṣàdúrà. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n so yìgì wọn ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Nígbà tí Lèmọ́mù bi Hàwáwù bóyá ó fẹ́ Jíbrílù, ó ní òun fẹ́ ẹ, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dúró síta.