Ojú Mi Nínú Kámẹ́rà Bàbá Kíláàsì

Aṣọ dúdú ló gbé wá. Aṣọ náà ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí òun fúnra rẹ̀, torí ó pọ̀ débi pé ó bò ó láyà títí dé àgbọ̀n. Mo dìde lórí àga. Bí ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń dìde, kí n lè sún mọ́ ẹnu ọ̀nà bó bá di pé kí n sá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá télọ̀," ó ní. "Kọ́tìnnì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi rán. Àmọ́ kọ́tìnnì tí ìmọ́lẹ̀ ò ní gba ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọlé."

"Kí lẹ fẹ́ fi pamọ́?" Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

Ó rẹ́rìn-ín. Irungbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. "Fíìmù fọ́tò ni, mà. Inú òkùnkùn la ti ń fọ̀ ọ́, ní yunifásítì tó wà lódìkejì títì yìí. Kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà yàrá náà ti ya. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní kí n wá, torí èmi ni àgbà wọn."

"Ẹ̀yin lolùkọ́ wọn?"

"Rárá o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Fọ́tò yíyà ni mò ń kọ́, mo ti wà lọ́dún tó kẹ́yìn. Dìgírì ni wọ́n ó fún mi."

Mo wò ó. Mo wo bàtà rẹ̀, mo wo báàgì tó gbé kọ́ èjìká bí ọmọ iléèwé. N kò mọ̀ pé wọ́n ń gba dìgírì lórí fọ́tò. Èmi tí ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, ta ni mí tí n ó fi bi í? Ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa mí, kò sì ṣeé gbé mì.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, mà, kò sí wàhálà," ó ní. "Bàbá Kíláàsì làwọn ọmọ yẹn ń pè mí. Bí mo bá pẹ́ dé, wọ́n á ní eegun ló ń dùn mí."

Mo rán kọ́tìnnì náà ní ìlọ́po méjì. Ó gbé e sókè síbi oòrùn, ó fojú wá ihò títí, kò rí kankan. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Lẹ́yìn náà ni bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bọ́tìnnì kan náà, lára ẹ̀wù kan náà, léraléra. Mo mọ òwú tí mo fi rán an. Òwú yẹn kì í já. Ṣùgbọ́n mo ń rán an, ó sì ń jókòó tì mí.

Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé ilé ìfìwéránṣẹ́ lòun ti ṣiṣẹ́ títí òun fi fẹ̀yìn tì. "Àwọn sítáǹbù ara lẹ́tà yẹn, àwòrán kéékèèké tó rẹwà ló wà lórí wọn," ó ní. "Ẹyẹ, òdòdó, ọkọ̀ ojú omi. Iṣẹ́ mi ni kí n lu òǹtẹ̀ dúdú lé gbogbo wọn lójú. Mo wá sọ fún ara mi pé bí mo bá kúrò níbẹ̀, n ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yà á."

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọkọ tèmi náà ti kú. A ò sọ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Ní ọjọ́ kan, kò mú bọ́tìnnì wá. Kámẹ́rà ló gbé sọ́rùn.

"Olùkọ́ wa àgbà ní kí kálukú wá ẹnì kan ṣoṣo," ó ní, "kó máa yà á lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ títí táàmù yóò fi parí. Iṣẹ́ àṣekágbá wa nìyẹn. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó jẹ́."

"Èmi kẹ̀? Rárá o. Ẹ wá ẹlòmíì lọ. Àwọn arẹwà pọ̀ lójú títì."

"Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Èmi ni ò rí wọn."

Mo kọjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. "Ọwọ́ mi nìkan," mo ní. "Bẹ́ ẹ bá ya ojú mi, n ó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù."

Ó gbà. Ó ń wá lójoojúmọ́. Kì í kánjú tẹ kámẹ́rà. Ó lè jókòó láti ìgbà tí oòrùn bá wà lórí ẹ̀rọ títí tí yóò fi sún dé orí ìka mi, kó tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. N kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè fi sùúrù wò mí bẹ́ẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀rù sì wá ń bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ojú tẹ́ ẹ fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn," ó sọ lọ́jọ́ kan, "ó dùn ún wò. Ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ ni yín."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ọwọ́ tẹ́ ẹ wá yà."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dé. Káfíńtà ni. Òun ló ń bójú tó mi látìgbà tí ọkọ mi ti kú, ohun tó bá sọ ni mo máa ń ṣe. Bàbá Kíláàsì ti nà gbalaja sábẹ́ ẹ̀rọ nígbà náà, ó fẹ́ ya ìka mi láti ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

"Ta ló kú sábẹ́ ẹ̀rọ?" ẹ̀gbọ́n mi ní.

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni."

Bàbá Kíláàsì rá jáde, ó ń gbọn àjákù aṣọ kúrò lórí. "Ẹ káàsán, sà."

"Akẹ́kọ̀ọ́ tó hewú! Kí lẹ ń kọ́?"

"Fọ́tò yíyà ni, sà. Ní yunifásítì."

"Fọ́tò? Kí ló tún kù tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ níbẹ̀? Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó dún, ó tán."

"Ọdún kìíní la fi kọ́ bí a ṣe ń wo nǹkan, sà."

"Ọdún kan láti wo nǹkan! Èmi tí mo ti ń wò látìgbà tí wọ́n ti bí mi ńkọ́? Kí wọ́n kó dìgírì tèmi wá."

Bàbá Kíláàsì rẹ́rìn-ín, kò bínú, ó kí i pé ó dàbọ̀. Nígbà tó lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi fa àga súnmọ́ mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ìyẹn ló máa ń mú mi.

"Àbúrò mi, ìwọ ni ayé máa fi ṣe ẹlẹ́yà. Àgbàlagbà tó ń ṣe bí ọmọdé, kí ló fẹ́ fi ọ́ ṣe? Má jẹ́ kí n gbọ́ pé wọ́n gbé ojú rẹ kọ́ ara ògiri fún gbogbo ayé wò. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí táàmù parí, n kò mọ ohun tó gbà mí lọ́kàn. Mo gbójú sókè lórí aṣọ tí mò ń rán, mo sì wo inú kámẹ́rà rẹ̀ tààrà. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ ṣé o," ló rọra sọ.

Kò tíì fọ ọ̀kankan nínú àwọn fíìmù yẹn. Ó fẹ́ fọ gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwọ̀ wọn lè bára mu. Ó ní kí n wá bá òun ní yàrá òkùnkùn yunifásítì kí n lè fojú ara mi rí i. Mo tẹ̀ lé e. Ó sọ òfin yàrá náà fún mi lẹ́nu ọ̀nà: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ká kọ́tìnnì láìjẹ́ pé ó bi ẹni inú ilé pé, "Ṣé ó dára?" tí ẹni náà sì dá a lóhùn. Fíìmù tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, ó ti kú.

A wọlé. Ó fa kọ́tìnnì tí mo rán. Òkùnkùn yẹn ò ní ẹlẹgbẹ́. Mò ń gbọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń ṣí àwọn fíìmù, ó ń gé orí wọn, ó ń ká wọn. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Bàbá Kíláàsì?"

Kò dáhùn.

"Bàbá Kíláàsì!"

Bí ọkọ mi ṣe dákẹ́ lọ́jọ́sí nìyẹn, lórí ìjókòó, tí mo pè é tí mo pè é. Ẹsẹ̀ mi ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó mọ̀. Mo fa kọ́tìnnì náà ṣí. Ìmọ́lẹ̀ rọ́ wọlé.

Ó dúró gbọnin. Sísọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń gé fíìmù ló fi eyín dì mú, kó má baà sọnù lórí tábìlì nínú òkùnkùn. Ìdí tí kò fi lè dáhùn nìyẹn. Gbogbo fíìmù náà sì nà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ń dán nínú oòrùn.

"Mo rò pé ẹ ti kú ni," mo ní, mo bú sẹ́kún.

Ó yọ sísọ́ọ̀sì lẹ́nu. Ó wo fíìmù, ó wò mí. "Mo wà láàyè," ó ní. "Ẹ má sunkún. Fíìmù ló bàjẹ́."

Látọjọ́ náà, kò wá mọ́. Mo ń wo ọ̀nà láti ojú fèrèsé. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì rẹ̀ ló gbé síìpù wá fún mi kí n tún un ṣe, mo sì bi í léèrè Bàbá Kíláàsì.

"Ah, Màmá, wọn ò ríṣẹ́ kankan kó sílẹ̀. Olùkọ́ ní bí wọn ò bá rí òmíì yà kí ọ̀sẹ̀ ìdánwò tó dé, wọ́n á tún ọdún yìí kà ni. A ní kí wọ́n tún padà wá bá yín, wọ́n ní rárá, àwọn ti dẹ́rù bà yín tó."

N kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ń fá pákó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kó ya ojú mi. Wọ́n á sì gbé e kọ́."

Ó dá iṣẹ́ dúró. "Kí ni mo sọ fún ọ?"

"Ẹ sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ. N kò wá gbàṣẹ. Mo wá sọ fún yín ni, kẹ́ ẹ má baà gbọ́ ọ níta."

"Ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà."

"Bó bá já ọ kulẹ̀, má sunkún wá bá mi."

"N ó wá bá yín. Ta tún ni mo ní?"

Ó padà sídìí pákó rẹ̀.

Mo bá Bàbá Kíláàsì lórí àtẹ̀gùn yunifásítì, òun nìkan, láàárín àwọn ọmọdé tó ń fò kọjá.

"Dìde," mo ní. "Gbé kámẹ́rà rẹ. Ojú mi náà wà níbẹ̀."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́ mọ́?"

"Ó ń bà mí. Má jẹ́ kí n dúró pẹ́, n ó sá lọ sílé."

Ó yà mí. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, níbi tí mo ti ń ta omi sílẹ̀, níbi tí mo ti ń bínú sí òwú tó lọ́, níbi tí mo ti sùn lọ lórí aṣọ. Òun nìkan ló wọ yàrá òkùnkùn lọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo dúró síta, mo sì di ọwọ́ mi mú.

Ọjọ́ ìpàtẹ, wọ́n gbé àwọn fọ́tò náà kọ́ sí gbọ̀ngàn. Mo rí ojú mi, ó tóbi, mo fẹ́ fi gèlè bò ó. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi. N kò pè é wá síbẹ̀. Ó wà nídìí férémù, ó ń fìka wọn igun rẹ̀.

"Ta ló kan èyí?" ó ní. "Ó wọ́."

Olùkọ́ àgbà dé, obìnrin pẹ̀lẹ́ tó wọ awò ojú. Ó wo àwọn fọ́tò títí. "Bàbá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Nínú iṣẹ́ àwọn tó kù, òṣìṣẹ́ ni mo rí. Nínú tiyín, ẹni tó ń wo ẹni tó ń yà á ni mo rí. Ta ni ìyá yìí jẹ́ sí yín?"

Bàbá Kíláàsì la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò mí. Mo mọ̀ pé torí tèmi ló ṣe ń dákẹ́, kó má baà fi mí sínú ìtìjú. Ìdánwò rẹ̀ sì nìyí.

"Ẹ jẹ́ kí n dáhùn," mo ní. Ohùn mi kéré, àmọ́ ó jáde. "Èmi ni yóò fẹ́."

"Ṣé wọ́n ti bi yín ni, Màmá?" ọmọbìnrin onísíìpù kígbe láti ẹ̀yìn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

"Kò tíì bi mí. Ó ń dúró kí ẹ̀rù mi lọ." Mo yíjú sí i. "Kò ní lọ o. Kó bi mí bẹ́ẹ̀."

Ó gbé kámẹ́rà kúrò lọ́rùn, bí ẹni tó ń ṣí fìlà. "Ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́," ó ní, "ṣé wàá fẹ́ mi?"

"N ó fẹ́ ọ."

Olùkọ́ bọ́ awò rẹ̀, ó ń nù ún. Ẹ̀gbọ́n mi rọra rìn wá, ó dúró níwájú ẹni tí mo yàn. Mo ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó nà án sí i.

"Àna mi," ó ní, "ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ wá sílé mi, ká jọ sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ sì fi kámẹ́rà yẹn sílé. Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, n kò tíì rí ojú yín dáadáa."