Ọpọlọ Tó Wà Nínú Àpótí

"286?" Nàfísàt fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó gbọ́ èèwọ̀. "Mọ́rúfù, ìyẹn náà lo pè ní kọ̀ǹpútà? Wallahi, ìkòkò ìyá àgbà yín ní Oke-Oyi gbọ́n jù ú lọ!"

Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wọn bú sẹ́rìn-ín. Mọ́rúfù kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ́físì àwọn àgbẹ̀ níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, lórí 286 ògbólógbòó kan tó ń falẹ̀ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n lò dáadáa.

Ti Nàfísàt, ọmọ GRA, àdúgbò àwọn olówó, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà tí bàbá rẹ̀ ń rà bọ̀ láti Èkó ló sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó mọ nọ́ńbà ọpọlọ kọ̀ǹpútà lórí bí ọmọ ilé-kéwú ṣe ń mọ súrà: 386 yára ju 286 lọ, 486 yára ju 386 lọ, Pentium sì ti dé láti fi ojú gbogbo wọn gbolẹ̀. Ní ti kọ̀ǹpútà gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti jókòó níwájú rẹ̀ rí. Ẹ má retí pé ó máa sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún 1995 yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ìwé náà fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kan fún ilé-ìwé wọn. Ọ̀gbẹ́ni Àríyọ̀, tísà ìṣirò tó ń bójú tó ẹgbẹ́ náà, là á mọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ.

"Bí a bá yan èyí tó dáa, wọ́n máa fi mẹ́rin mìíràn kún un. Gbogbo kíláàsì ló máa rí i lò. Bí a bá yan pàǹtí, ó parí nìyẹn."

Ó wá mú Nàfísàt àti Mọ́rúfù lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúdáre, tó ń ta kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Adéwọlé. Máàkì gbogbo ọmọ SS2 wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì tó mú dání, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ki bọ inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n máa ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò ó, wọ́n á sì máa wo aago.

Kọ̀ǹpútà méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí eyín olóbì, kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀. Èkejì funfun báláú, nọ́ńbà 66 sì ń tàn yòò níwájú àpótí rẹ̀. Kí Mọ́rúfù tó jókòó ni Nàfísàt ti gbà pé nọ́ńbà ìyára ni 66 yẹn, pé 486 tó yára gan-an ló wà nínú àpótí náà.

Mọ́rúfù dán ti ògbólógbòó wò. Ìṣẹ́jú méjì ló lò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pe ìrun àlàásárì. Tísà àti Mọ́rúfù dìde lọ sí mọ́sáláṣí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Nàfísàt ní òun máa kí tòun nílé.

"Bá wa dán èkejì wò," ni Mọ́rúfù wí, ó sì na dísíkẹ́ẹ̀tì sí i. "Má gbàgbé aago."

Ó gbà á pẹ̀lú ṣùtì. Ọmọ ọlọ́dẹ ọ́físì ló fẹ́ máa rán an níṣẹ́!

"Àbúrò mi," ni Olúdáre wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín, "ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tó báyìí, kí ló tún ń fi aago ṣe? Ojú ni irú yín fi ń mọ ọjà." Ó wá gbé láptọ́ọ̀pù dúdú kan jáde lábẹ́ tábìlì. "Máa gbé èyí lọ sílé, kí o máa fi ṣeré. 486 ni. Kí o sáà fi ẹnu rere gbè mí lẹ́sẹ̀."

Nínú gbogbo Ìlọrin, ọmọ ilé-ìwé wo ló ní láptọ́ọ̀pù? Nàfísàt ti rí ara rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń lanu wò ó. Ó ti láptọ́ọ̀pù bọ inú báàgì ìwé rẹ̀. Dísíkẹ́ẹ̀tì kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú kan péré, sà," ló sọ nígbà tí wọ́n dé.

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lójú gbogbo wa," ni Mọ́rúfù wí.

Nàfísàt wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ oní-286! O wá fẹ́ kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà?"

Tísà gba Nàfísàt gbọ́, ó sì yan kọ̀ǹpútà funfun náà. Ó ní kó fọwọ́ sí ìwé pé ó ti dán ọjà wò, ó sì fọwọ́ sí i gàdàgbà-gàdàgbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba kọ̀ǹpútà náà, wọ́n kọ́kọ́ ṣe àdúà. Lẹ́yìn náà, Alhaja Hàlímọ̀tù, alága àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, tó ń tún kọ̀ǹpútà báńkì ṣe, ní kí wọ́n ṣírò máàkì kan náà. Ìṣẹ́jú méjì kọjá. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Àwọn àlejò mu míńírà wọn tán, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló lò kó tó gbé èsì jáde. Alhaja ní kí wọ́n pa iná rẹ̀, ó sì tú àpótí náà.

"386 ló wà nínú ibí yìí," ló wí. "66 yìí, iná lásán ni. Irin wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ń tò ó sí iye tó bá wù wọ́n. Ta ló dán an wò?"

Gbogbo ojú yí sí Nàfísàt. Ojú ara rẹ̀ wá wolẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ pé oṣù kan. Ẹkún ló fi jẹ́wọ́. Wọ́n ní kó lọ gbé láptọ́ọ̀pù náà wá. Alhaja yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì pòṣé.

"286 ni," ló wí. "Tí bátìrì rẹ̀ ti kú."

Wọ́n padà lọ bá Olúdáre. Ìwé tí Nàfísàt fọwọ́ sí ló nà sí wọn lójú, kò gba ọjà rẹ̀ padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ gbé kọ̀ǹpútà mẹ́rin náà fún ilé-ìwé mìíràn.

Kí Alhaja tó lọ, ó pe Nàfísàt sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àìmọ̀ rẹ kọ́ ló ń bí mi nínú. Ẹni tí kò mọ̀ á bèèrè. 386 kì í ṣe kọ̀ǹpútà burúkú, ibi tí agbára rẹ̀ mọ ló ń ṣiṣẹ́ dé. Nọ́ńbà èké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níwájú ló bà á jẹ́. Ìwọ náà, yọ tìrẹ kúrò."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Tísà mú Nàfísàt láti kíláàsì dé kíláàsì, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ́nì kọ̀ọ̀kan máa fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ní táàmù. Nígbà tó dé SS3, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè.

"Àwa tá a máa jáde lóṣù tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Kò sí àyè fún wọn mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹni tó bá ń fi ohun tí kò mọ̀ yangàn, tó wá fi irọ́ dí i, òun nìkan kọ́ ló máa jìyà rẹ̀. Àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ náà á bá a jẹ nínú rẹ̀.