Ọ̀rọ̀ Tó Parí Eré Perlita

Àga kan ní ìlà kẹta kò gbé ara rẹ̀ sókè. Àga tó ń ká ni gbogbo àga ilé eré àdúgbò kan ní Scarborough, ní Kánádà: bí ènìyàn bá ti dìde, irin ìdí rẹ̀ a gbé e padà. Ọ̀kan yìí nìkan ló là sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí ẹni pé ènìyàn jókòó lé e. Clyde, bàbá ará Trinidad tó ń darí eré, ti tì í sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún ń wálẹ̀, jẹ́jẹ́.

"Irin yìí ti gbó bíi tèmi," ni Clyde wí. "Ẹ jẹ́ ká máa bá eré wa lọ."

Remedios kò rẹ́rìn-ín. Òórùn òróró tí Perlita àbúrò rẹ̀ máa ń fi wọ́ orúnkún ti ń ta sí i nímú láti ẹ̀ẹ̀kan. Ìgbà òtútù tó kọjá ni wọ́n sin Perlita.

Perlita ló kọ eré náà: àbúrò kan ṣẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Kó tó kú, ó bẹ Clyde pé Remedios ni kó ṣe ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ ìdí rẹ̀. Remedios nìkan ló tọ́jú ìyá àwọn méjèèjì ní Batangas, ní Philippines. Ìyá ń pe Perlita títí èémí fi tán. Perlita wà ní Kánádà, kò wá wò ó, kò wá sin ín.

"Mo dárí jì ọ́" ni ọ̀rọ̀ tó parí eré. Wọn kì í sọ ọ́ níbi ìdánrawò. Àwọn òṣèré ibẹ̀ gbà pé ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kí èrò tó jókòó, ì báà tiẹ̀ yí i padà, ti pa eré dé, kò sì sí bó ṣe lè tún un ṣí. Wọn a dákẹ́ síbẹ̀, oníkálukú a gbé báàgì rẹ̀.

Thivya, ọmọbìnrin ẹ̀yà Tamil tó ń ṣe àbúrò, kúnlẹ̀, ó doríkodò. Remedios kò wò ó. Àga ìlà kẹta ló ń wò.

"Mi ò dárí jì ọ́," ó wí. "Láéláé."

Clyde dìde. "Remy, ta ló ní kó o parí eré fún ilé òfìfo?"

"Ilé ò ṣófo."

Thivya sọ̀rọ̀ láì gbé orí sókè. Tagalog ló ń sọ, èdè ìlú Remedios, tí òun Thivya kò gbọ́ rí.

"Ó dáa, Ate," ó wí, bí Perlita ṣe máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ìyá wa ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀run. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣí i, àfi tẹ́ ẹ bá dárí jì mí. Wọ́n ṣì ń pè mí."

Àga ìlà kẹta ká padà, gbà.

Thivya gbójú sókè, ó ń ṣẹ́jú. "Àǹtí, ṣé ó ti kàn mí ni?"

Remedios wólẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó di èjìká rẹ̀ mú. "Mo dárí jì ọ́," ó wí. Ó tún un wí, ó tún un wí, títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ni Thivya wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "èmi kọ́ lẹ ń bá sọ̀rọ̀."