Àjà Tó Gbọ́ Ìbúra

"Má gbé òórùn ìgbẹ́ àdán wọ ilé mi! Lọ wẹ̀ níta!"

Olúgbémi ló ń jágbe mọ́ Mojíbọ́lá ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo ayálégbé. Aláìmoore! Ìgbẹ́ àdán yẹn náà ló ń san owó ilé látìgbà tí báńkì ti lé ọkùnrin yìí kúrò níṣẹ́. Ogun ti parí, owó epo ti dé, wọ́n ń tún Onitsha kọ́, ṣùgbọ́n àdán ti gba àjà àwọn ọ́fíìsì. Ta ló fẹ́ kó ìgbẹ́ wọn? Mojíbọ́lá fi aṣọ títà sílẹ̀, ó sọ ìgbẹ́ àdán kíkó di òwò.

Ó kọ́ Morónkẹ́, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ tó mú wá láti Ìwó, níṣẹ́ náà. "Ìrọ̀lẹ́ là ń dí ihò àjà, nígbà tí àdán bá ti jáde tán." Morónkẹ́ á ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Ejò ni Mojíbọ́lá ń fún lóúnjẹ!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mama Nkechi, aládùúgbò wọn, pàdé Mojíbọ́lá lẹ́nu ọ̀nà, ó bá a kẹ́dùn. "Ndo o! Dem say TB catch you, say na Moronke get that GRA work now."

Òun, ikọ́ ife kẹ̀? Iṣẹ́ ọ́fíìsì ńlá GRA tó ti ń lé kiri! Ta ló tún máa pe oníkọ́ ife síṣẹ́? Òwò rẹ̀ parí nìyẹn. Ó padà wọlé.

"Morónkẹ́, ta ni ikọ́ ife ń ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, kí àjà já lé mi lórí!"

"Òjòwú!" Olúgbémi dá sí i. "Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!"

"Mo ti gbọ́," ni Mojíbọ́lá wí. "Ọlọ́run náà gbọ́."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣí ọ́fíìsì náà, Mojíbọ́lá lọ kí máníjà ibẹ̀ lè fojú ara rẹ̀ rí i pé ara òun le. Ó bá Morónkẹ́ àti Olúgbémi níwájú, wọ́n jókòó bí ọba àti olorì. Ó gbọ́ ìró kan lókè, ó sì gbójú sókè. Ọ̀sán gangan ni Morónkẹ́ oníwàǹwára yìí ti dí ihò! Àwọn àdán ń jà nínú àjà, ìgbẹ́ tí kò kó tán sì ti mú pákó jẹrà.

Gbàà! Àjà já! Ìgbẹ́ àti àdán bo àwọn méjèèjì.

"Ìbúra mi ti mú mi o!" Morónkẹ́ figbe ta. "Olúgbémi ló ní kí n pa irọ́ ikọ́ ife mọ́ ẹ̀gbọ́n mi! Ó ní òun máa fẹ́ mi!"

Máníjà yíjú sí Mojíbọ́lá. "Madam, no be you dem say dey die? Abeg, come take your work!"

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí Olúgbémi dé ẹnu ọ̀nà, tó ń rùn, tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ lọ wẹ̀ níta," ni Mojíbọ́lá wí. "Ẹrù yín wà níbẹ̀, ti Morónkẹ́ náà wà níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ là ń dí ihò."

Ó ti ilẹ̀kùn.