Jẹ́sì Tí Kò Dé Pápá

Bí ẹni gbé ọmọ ìkókó ni ọkùnrin náà ṣe gbé aṣọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù Ọdúnayọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Bàtà ọ́fíìsì ló wọ̀, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè nítorí omi òjò tó dá sí ojú títì Boundary, káàdì ìdánimọ̀ wọ́ọ̀fù sì ń fì lọ́rùn rẹ̀. Bàtà ti rin gbingbin, kò tilẹ̀ wò ó. Àpò ọ̀rá tó fi ọwọ́ méjèèjì gbá mọ́ àyà ló ń wò.

"Ẹ káàsán, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán abẹ́ apá jẹ́sì yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má fọ̀ ọ́ o. Ẹ má lọ̀ ọ́. Ẹ má sì fi òwú tuntun rán an, mo mú òwú dání."

Ọdúnayọ̀ tú àpò náà. Jẹ́sì ikọ̀ Nàìjíríà ni, ti ọdún 1994, ọdún tí a kọ́kọ́ lọ síbi ìdíje ife àgbáyé. Ó wo aṣọ, ó wo ẹni tó ni ín.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ mọ̀ pé tuntun kún ìgboro?"

"Mo mọ̀. Àwọn yẹn ò tíì rí nǹkan kan láyé."

Chioma, ọ̀rẹ́ Ọdúnayọ̀ tí wọ́n jọ gba ṣọ́ọ̀bù, tó ń dirun fún oníbàárà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún, dis one no well o! Na cloth e wan marry."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ wọ Ọdúnayọ̀ lára, kí n má purọ́ fún yín. Ọkùnrin tí wọ́n bú tó sì bá wọn rẹ́rìn-ín ò pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀.

Dáhùnsí lorúkọ rẹ̀. Àpápá ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní wọ́ọ̀fù. Ṣùgbọ́n jẹ́sì àtijọ́ ikọ̀ Nàìjíríà ló gba ọkàn rẹ̀. Ó ní tó ọgọ́rin. Ó ti tú bélì òkìrìkà títí ọwọ́ fi bó. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ awakọ̀ tírélà kan ní ibùdókọ̀ Coconut ló ti rí i, tí ọkùnrin yẹn ń fi í nu gíláàsì ọkọ̀. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ìwé pélébé kan: ta ló wọ̀ ọ́, ọdún wo, ọwọ́ ta ni mo ti gbà á. Tí kò bá dá a lójú, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé jẹ́sì mìíràn wá. Ọ̀sẹ̀ kẹta, òmíràn. Bí Ọdúnayọ̀ bá ti ń rán an, á jókòó sórí àga oníke Chioma, á máa sọ ìtàn ọdún 1980 tí a gba ife Áfíríkà níbí ní Èkó, àti ti wúrà Olíńpíìkì ọdún 1996. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ṣòkòtò tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ ló gbé wá.

Ọdúnayọ̀ yẹ ibi tó ya wò dáadáa. "Dáhùnsí, abẹ lo fi là á."

"Jẹ́sì tó ya ti tán nílé ni."

Ọjọ́ yẹn ni "bọ̀dá" tán láàárín wọn. Ọdúnayọ̀ ti pé ọgbọ̀n ọdún, ó ti rí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ràn nǹkan nígbà tó bá ń dán. Eléyìí ń fẹ́ràn nǹkan lẹ́yìn tó ti ṣá, ìyẹn sì fi í lọ́kàn balẹ̀ ju bó ṣe lè ṣàlàyé lọ.

Nígbà tó ṣe, Ọdúnayọ̀ mú un lọ kí bàbá rẹ̀.

Baba Ọláìtán ti fi iṣẹ́ ẹrù gbígbé ní wọ́ọ̀fù sílẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Nọ́ńbà Méje. Lórí ògiri pálọ̀ rẹ̀, nínú gíláàsì, jẹ́sì aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà méje lẹ́yìn. Kò sí ọmọdé tí kò mọ ìtàn rẹ̀: lọ́dún 1981, Ọláìtán wọ̀ ọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ní Kútọnu, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́.

Inú baba dùn sí àlejò rẹ̀. Ó yọ jẹ́sì náà kúrò nínú gíláàsì fúnra rẹ̀, ó gbé e lé Dáhùnsí lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ohun tí àwọn tó ń kó jẹ́sì jọ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni Dáhùnsí ṣe, láìronú: ó yí aṣọ náà sí òdì, ó sì gbé ojú rírán rẹ̀ sún mọ́ ojú.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?" Ohùn baba ti yí padà. "Ṣé mo jí i ni?"

Dáhùnsí ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ foríjì mí."

Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọdúnayọ̀ rí ojú Dáhùnsí kó tó dọ̀bálẹ̀. Ohun tí ọkùnrin náà rí, òun náà ti rí i láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Baba gba aṣọ rẹ̀ padà. "Mo gbọ́ pé o fẹ́ pàtẹ jẹ́sì ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì yín lóṣù tó ń bọ̀. Gbé tèmi síwájú. Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èmi ni mo wọ̀ ọ́ ní Kútọnu. Ọjọ́ tí mo bá kà á níbẹ̀ ni kí àwọn ẹbí rẹ wá tọrọ ọmọ mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má padà wá mọ́."

Wọ́n jáde. Dáhùnsí dúró lójú ọ̀nà.

"Ọdún, o mọ̀."

"Mo mọ kí ni?"

"Ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ mẹ́ta tó padà sẹ́yìn níparí ojú rírán. Bí ìwọ náà ṣe ń parí gbogbo jẹ́sì mi nìyẹn."

"Màmá mi ló kọ́ mi," Ọdúnayọ̀ sọ wẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà. "Dáhùnsí, ìlà kan péré ni. Bá mi kọ ọ́. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi àti ìwọ. Tí mo bá kọ irọ́ sábẹ́ ọ̀kan, kí ni ìyókù já mọ́?"

"Ó dáa. Èwo lo fẹ́, aṣọ tàbí èmi?"

Ọdúnayọ̀ ò dúró gbọ́ ìdáhùn, ó ti yí padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ò fi gbúròó ara wọn. Ọdúnayọ̀ bínú sí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó sunkún nídìí ẹ̀rọ títí Chioma fi ní kó yé fi omijé rin ẹ̀wù oníbàárà. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó yẹ kó ti béèrè tẹ́lẹ̀: kí ló dé tó fi fẹ́ kí ọkùnrin yìí parọ́? Nítorí pé òun fúnra òun ò láyà láti bá bàbá òun sọ òótọ́ ni. Ẹrù tòun ló fẹ́ gbé rù ú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ níwájú baba, tó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà.

"Bàbá, mo mọ ọwọ́ màmá mi."

Baba ò béèrè ohun tó ń wí. Ó rọra ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wọ́n pè mí sí káàǹpù ikọ̀ Nàìjíríà lóòótọ́," ó wí nígbẹ̀yìn. "Gbogbo àdúgbò ló jó sìn mí dé ibi ọkọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ka orúkọ, wọn ò ka tèmi. Ojú tì mí. Mo sá lọ sọ́dọ̀ àwọn apẹja ní Snake Island, mo ránṣẹ́ sí ìyá rẹ pé mi ò lè wọ àdúgbò mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá mi tòun ti jẹ́sì yẹn. Ó ní kí n wọ̀ ọ́, ká jọ máa lọ sílé. Ó ní tí ara mi bá ti balẹ̀, kí n sọ òótọ́ fún wọn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ara mi ò balẹ̀, Ọdún. Ó lé ní ogójì ọdún. Tí mo bá sọ ọ́ báyìí, wọn á ní òpùrọ́ nìyá rẹ."

"Màmá mi ò parọ́, bàbá. Aṣọ ni wọ́n rán."

Baba dìde, ó yọ jẹ́sì náà kúrò nínú gíláàsì. "Gbé e lọ fún un. Kó kọ ohun tó rí."

Ní Àpápá, Dáhùnsí nìkan ló wà nínú gbọ̀ngàn, ó ń fi okùn so jẹ́sì rọ̀. Nígbà tó rí Ọdúnayọ̀, okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún," ó wí, kó tó kí i rárá. "Mo sì ya á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọdún, aṣọ wo ni mo fẹ́ jù ẹ́ lọ? Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ pé irọ́ ni mo máa kọ́kọ́ gbé wọ ilé yín."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ṣì ẹ́ lò. Má bínú, olólùfẹ́ mi." Ó na aṣọ náà sí i. "Mú bírò rẹ."

"Kí lorúkọ màmá?"

"Ọmọ́lẹ́yẹ."

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, èrò kún gbọ̀ngàn. Baba Ọláìtán dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti àdúgbò, fìlà rẹ̀ gún régé. Jẹ́sì rẹ̀ ló wà níwájú. Ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni Sùlè, tí wọ́n jọ gbé ẹrù ní wọ́ọ̀fù, kà sókè: "Ọmọ́lẹ́yẹ Ọláìtán ló rán an fún ọkọ rẹ̀, Ajégúnlẹ̀, 1981. Wọn kò wọ̀ ọ́ gbá bọ́ọ̀lù."

Sùlè yíjú padà. "Nọ́ńbà Méje, kí lèyí?"

Ọdúnayọ̀ di ọwọ́ Dáhùnsí mú, ó dì í mú débi pé èékánná rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára.

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló rí," baba wí. "Wọn ò mú mi, Sùlè. Ìyàwó mi ló mú mi."

Sùlè wo aṣọ náà, ó tún wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ṣí fìlà. "Ọmọ́lẹ́yẹ," ó wí jẹ́jẹ́. "Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi." Ó bọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú rírán náà láwòfín, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Baba nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí Dáhùnsí. "Ìwọ, ìgbà wo làwọn ẹbí rẹ ń bọ̀?"

Dáhùnsí dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín èrò. "Sátidé tó ń bọ̀, sà."

"Kó jẹ́ ọ̀sán. Mi ò fẹ́ àlejò àárọ̀."

Ọdúnayọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fa ọkùnrin náà dìde, ó ń gbọn eruku kúrò láyà ẹ̀wù rẹ̀, ẹkún àti ẹ̀rín sì dàpọ̀ lójú rẹ̀.

"Dìde, jàre," ó wí. "Bàbá ti mú ẹ."