Rédíò Tí Wọn Kì Í Fọwọ́ Tẹ̀

Nígbà tí obìnrin oníṣẹ́ rédíò kan kọ́kọ́ fojú kan sájẹ́ǹtì, ọkùnrin gíga náà dúró níwájú àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀, akoto ti bọ́ sí i lẹ́yìn ọrùn, ó ń bá rédíò tuntun tí wọ́n fi há a létí jà bí ẹni tí kòkòrò kó sí létí. Obìnrin náà pa ẹ̀rín mọ́nú. Òun ló ṣe rédíò ọ̀hún, wọ́n sì rán an wá sí bárékè láti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa lò ó.

"Ẹ rọra, sájẹ́ǹtì. Kì í géni jẹ."

"Níbo ni mo ti máa tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ ò ní tẹ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá ti lanu, ó ti ń gbé ọ̀rọ̀ yín lọ nìyẹn. Ọwọ́ yín méjèèjì á wà lára ìbọn."

Láti ọjọ́ náà, rédíò sájẹ́ǹtì ló ń bà jẹ́ ju ti gbogbo èèyàn lọ, á sì gbé e tọ obìnrin náà wá.

"Kí ló tún ṣe é?"

"Kò gbọ́ ohùn ẹ láàárọ̀ yìí."

"Rédíò ni kò gbọ́ ohùn mi ni, àbí ẹ̀yin?"

Bí eré bí eré, ìfẹ́ wọ àárín wọn.

Bàbá obìnrin náà ló fàáké kọ́rí pé ọmọ òun ò ní fẹ́ ológun. Bàbá ti jagun rí. Ojú rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe kú, rédíò lọ́wọ́, kò ráyè fa ìbọn. Ikú yẹn gan-an ló mú kí ọmọ kọ́ṣẹ́ rédíò. Síbẹ̀, bàbá ní, "Iṣẹ́ rẹ dáa. Ṣùgbọ́n mi ò ní fún ẹ lẹ́ni tí a jọ máa sunkún ẹ̀."

Nígbà ìdánrawò tó kẹ́yìn kí wọ́n tó lọ sójú ogun, obìnrin náà bẹ bàbá rẹ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun. Àwọn méjèèjì jókòó sídìí rédíò ńlá tó ń gba ohùn gbogbo wọn. Sájẹ́ǹtì wà nínú igbó, ó pọn ẹnì kan tó ń ṣe bí ẹni tó fara gbọgbẹ́ sẹ́yìn. Ó ti jíṣẹ́ tán lórí rédíò. Rédíò àtijọ́ tí wọ́n máa ń tẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ló mọ́ ọn lára. Bí kò ti tẹ nǹkan kan, ó rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ òun mọ́. Ló bá ń bá ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Màá fi í sílẹ̀. Bàbá ẹ̀ jàre. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju kí n sọ ọ́ dopó lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dun obìnrin náà, inú sì tún bí i. Ó fa máìkì mọ́ra.

"Ta ló ní kó o bá mi pinnu? Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo ṣì fẹ́ ẹ."

Gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ogun ló gbọ́. Ẹnì kan wúkọ́ nínú igbó.

Bàbá gba máìkì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ọmọkùnrin, bàbá ẹ̀ nìyí. O gbọ́ ohun tó sọ. Dá a lóhùn."

"Mo fẹ́ ẹ, sà. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí pé màá padà wá."

"Ká ní o ṣèlérí ẹ̀ ni, ǹ bá lé ẹ dànù bí òpùrọ́. Wá sílé lọ́la, kó o wá gbé e níyàwó kó o tó lọ."

Wọ́n ṣègbéyàwó nínú pálọ̀ bàbá, ọkọ sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyàwó jókòó sídìí rédíò láti máa fetí sí ohùn rẹ̀, bàbá fa àga, ó jókòó tì í.